Ọmọ ń ka 1 dé 100 lórin àmọ́ kò lè kó òkúta méje: ẹ̀yin tísà KG àti nọ́sìrì, ẹ bá mi dá sí i

Tísà_Ìkirè

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin èèyàn mi. Tísà KG ni mí, ilé ìwé ìjọba ni mo wà, ọmọ 52 ló wà ní kíláàsì mi, ọmọ ọdún márùn-ún ló pọ̀ jù níbẹ̀, àwọn mìíràn ò tíì pé bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọ yìí, tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n ka nọ́ńbà, wọ́n á kà á dé ọgọ́rùn-ún, wọ́n á máa fi ara jó o bí orin, gbogbo àdúgbò á gbọ́. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun mo kó òkúta wẹ́wẹ́ sórí tábìlì, mo wá pe ọmọbìnrin kan tó jẹ́ pé òun gan-an ló máa ń lé orin náà, mo ní kó kó òkúta méje fún mi. Ó bu ẹ̀kúnwọ́, ó kó o lé mi lọ́wọ́. Mo ní ṣé méje nìyí? Ó ní yẹ́ẹ̀sì mà. A jọ kà á, mọ́kànlá ni. Mo ní ó dáa, kó méje. Ó tún bu ẹ̀kúnwọ́ mìíràn. Mo pe ẹlòmíì, nǹkan kan náà. Ọmọ mẹ́wàá ni mo pè lọ́jọ́ yẹn, mẹ́ta péré ló kó o pé.

Ohun tó dùn mí níbẹ̀ ni pé gbogbo wọn ló ti kọ 1 dé 50 sínú nóòtù, mo ti máàkì ẹ̀, mo ti fi gúùdù sí i. Kí ni mo wá ń máàkì látọjọ́ yìí?

Mo fẹ́ kí wọ́n máa fọwọ́ kan nǹkan, kí wọ́n máa fojú rí i, ṣùgbọ́n kò sówó, kò sí ohun èlò, bẹ́ǹṣì ò tó, ọ̀gá wa sì máa ń gba nóòtù wò ní gbogbo Jímọ̀ọ̀, tí nóòtù bá ṣófo ọ̀rọ̀ dé nìyẹn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, báwo lẹ ṣe ń ṣe é pẹ̀lú èrò tó pọ̀ báyìí? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ èyí tí wọ́n ń ṣe nínú fídíò níbi tọ́mọ mẹ́jọ jókòó yí tísà méjì ká.

Ìyá_Ìbejì_Ògbómọ̀ṣọ́

Tísà ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnira àwọn ọmọ. Ọdún kẹrìnlá mi rèé nínú iṣẹ́ nọ́sìrì, ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ bá a pàdé. Orin ni wọ́n mọ̀, iye ni wọn ò mọ̀. Bí ọmọ ṣe lè ki oríkì bàbá bàbá ẹ̀ láìmọ ìtumọ̀ ìlà kan níbẹ̀ náà ló ṣe ń ka nọ́ńbà. Ó mọ̀ pé lẹ́yìn mẹ́fà ni méje ń bọ̀, kò tíì mọ̀ pé tóun bá kà á dé méje tóun dúró, méje yẹn ni gbogbo èyí tó wà nílẹ̀.

Ẹ gbàgbé méje ná. Ẹ padà sórí méjì àti mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ó máa dà bí ìfàsẹ́yìn àmọ́ ẹ padà síbẹ̀, kí gbogbo wọn lè kó mẹ́ta fún yín láìṣì, kẹ́ ẹ tó bọ́ sórí mẹ́rin.

Ohun èlò, ẹ wá kéréètì ẹyin, èyí tó jẹ́ páálí yẹn, tó ń gba ẹyin 30. Ihò márùn-ún lọ́nà kan, mẹ́fà lọ́nà kejì. Tẹ́ ẹ bá fi sísọ́ọ̀sì gé e sí mẹ́ta, ẹyọ kọ̀ọ̀kan á ní ihò mẹ́wàá, márùn-ún lókè márùn-ún nísàlẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pín àwọn ọmọ ní méjì méjì, ọ̀nà 26 ni, kéréètì mẹ́sàn-án ti tó fún yín, ẹyọ kan á tiẹ̀ ṣẹ́ kù fún ẹ̀yin fúnra yín tẹ́ ẹ máa fi ṣe é níwájú. Àwọn tó ń dín ẹyin tà pẹ̀lú búrẹ́dì láàárọ̀ á fún yín lọ́fẹ̀ẹ́, dídà ni wọ́n ń dà á nù. Kọ́ọ̀kì mínírà, ẹ lọ síbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ bá àwọn tó ń pín mínírà sọ ọ́ kí òde tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ó kó ọ̀ọ́dúnrún nílé ìnáwó kan ṣoṣo. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a, èyí tétí ẹ̀ bá mú kẹ́ ẹ fi òkúta lù ú tẹ́ẹ́rẹ́.

Ọ̀nà tí mo ń gbà ṣe é: kọ́ọ̀kì kan, ihò kan, ẹnu kan. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni kó ju kọ́ọ̀kì sí i kó sì pe nọ́ńbà, ọ̀kan ò gbọdọ̀ ṣáájú èkejì. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa ń ṣìnà, ẹnu á ti sáré dé mẹ́sàn-án nígbà tọ́wọ́ ṣì wà ní márùn-ún. Tí wọ́n bá ti ṣe é fún bí ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ ó rí i tí ọmọ á kàn wo kéréètì, tí ìlà òkè bá ti kún tí méjì sì wà nísàlẹ̀, á ní méje láìka ohunkóhun. Ojú ẹ̀ ló ń kà á nígbà yẹn.

Bàbá_Táyọ̀

Ẹ má bínú o ẹ̀yin tísà, òbí ni mí, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi. Ọmọ mi wà ní nọ́sìrì 1, ọdún mẹ́rin. Ilé ìwé tí mo fi í sí, iyẹ̀pẹ̀ ló ń fi ṣeré látàárọ̀, wọ́n á tún fún un lámọ̀, wọ́n á ní wọ́n ń kọ́ ọ. Tó bá délé, aṣọ ẹ̀ dọ̀tí, báàgì ẹ̀ ò níwèé kankan nínú. Ọmọ àbúrò mi tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ wà nílé ìwé mìíràn, ó ti ń kọ orúkọ ẹ̀, ó ti ń kọ A dé Z, wọ́n ń fún un ní asáínmẹ́ǹtì lójoojúmọ́. Ìyàwó mi ní ká mú sùúrù. Èmi ò mọ̀ bóyá sùúrù la ń mú àbí owó la ń dànù. Ẹ ṣàlàyé fún mi kó yé mi, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà o, ọjọ́ iwájú ọmọ mi ló ń dùn mí.

Ìyá_Ìbejì_Ògbómọ̀ṣọ́

@Bàbá_Táyọ̀ ẹ kú ìtọ́jú ọmọ sà. Ìbéèrè yín dáa, ìbá wu èmi kí gbogbo òbí máa béèrè bẹ́ẹ̀ dípò kí wọ́n kàn yọ ọmọ lọ síbòmíràn.

Ẹ wo ọwọ́ Táyọ̀ lálẹ́ òní. Eegun ọrùn ọwọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin ò tíì le tán, èyí tó pọ̀ níbẹ̀ ṣì rọ̀. Ọmọ tẹ́ ẹ fún ní pẹ́ńsù lọ́jọ́ orí yẹn, ẹ ó rí i tó fi gbogbo ìkúùkù dì í mú bí ẹni di ọmọ odó mú, á tẹ̀ ẹ́ títí bébà á fi ya, láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún á ní ọwọ́ ń dun òun. Amọ̀ tó ń pò, tó ń rẹ́, tó ń fi ìka méjì já, agbára tó máa fi mú pẹ́ńsù ló ń kó jọ yẹn. Nílé yín náà, ẹ jẹ́ kó bá yín bó ẹ̀pà, kó ṣa ẹ̀wà níṣojú yín, kó bá ìyá ẹ̀ já ewé ewédú, kó máa fi ọwọ́ ara ẹ̀ di bọ́tìnnì ẹ̀. Mo ti gba ọmọ tó dé ọ̀dọ̀ mi tó ti kọ A dé Z tán àmọ́ tí kò lè di bọ́tìnnì kan ṣoṣo, mo wá ní láti tún ọwọ́ ẹ̀ kọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí ó ti mọ́ ọn lára kó máa di pẹ́ńsù mú sódì, ìyẹn sì le ju kéèyàn kọ́ ọ látòfo lọ.

Àmọ́ mo fẹ́ kẹ́ ẹ bi àwọn tísà ẹ̀ ní ìbéèrè kan o: kí lẹ ń bi í nígbà tó ń ṣe iyẹ̀pẹ̀ yẹn lọ́wọ́? Tí wọ́n bá kàn da ọmọ síta tí tísà wá ń tẹ fóònù, ẹ̀yin lẹ jàre.

Tísà_Àgbà_Fẹ̀yìntì

Mo kí gbogbo yín. Mo ti fẹ̀yìn tì o, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí ò lè kọjá lára mi kí n má fèsì.

Kò sí tuntun nínú kọ́ni-pẹ̀lú-ọwọ́ fún ọmọ Yorùbá. Ẹ wo ọpọ́n ayò, ilé méjìlá, ọmọ mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀. Ọmọ tó bá ń ta ayò, ó ń fi ọmọ kan sí ilé kan, ó ń fojú díwọ̀n ibi tí ọmọ ọwọ́ òun máa parí sí kó tó kó o. Kọ́ọ̀kì kan ihò kan tí Ìyá Ìbejì ń wí náà nìyẹn. Nígbà tí dókítà obìnrin ará Ítálì yẹn, Maria Montessori, ṣí ilé àwọn ọmọdé rẹ̀ ní àdúgbò àwọn tálákà kan ní Róòmù lọ́dún 1907, tó ń fi bébà gbágungbàgun gé lẹ́tà káwọn ọmọ máa fìka tọ ipa ẹ̀ kí wọ́n tó mú pẹ́ńsù, àwọn ọmọ tiwa ti ń fìka kọ nǹkan sórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tipẹ́. Iṣẹ́ ńlá lobìnrin náà ṣe, mi ò bù ú kù, mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ẹ ò ní láti ra ohunkóhun láti òkè òkun kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun kejì, Tísà Ìkirè, èdè wo lẹ fi ń ka nọ́ńbà fún wọn? Mo gbà pé òyìnbó ni. Ẹ fi Yorùbá ṣe é kẹ́ ẹ wá wò ó. Ẹ kó ogún kọ́ọ̀kì sílẹ̀, á kún ẹyọ kéréètì méjì tẹ́ ẹ gé. Ní kí ọmọ yọ mẹ́rin kúrò. Kí ló kù? Ẹ̀rìndínlógún. Orúkọ yẹn fúnra ẹ̀ ló sọ ohun tọ́wọ́ ọmọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe: ẹ̀rin dín ní ogún. Ẹ yọ mẹ́ta, ẹ̀tàdínlógún. Ẹ yọ kan, oókàndínlógún. Nọ́ńbà wa ti kó àfikún àti àyọkúrò sínú orúkọ, àwọn tísà kan ń sọ pé ó le, ó le nítorí pé ẹnu lásán ni wọ́n fi ń kọ́ ọ. Ẹ fi kọ́ọ̀kì ṣe é kẹ́ ẹ rí bí ó ṣe máa rọrùn.

Ẹ rántí pé lọ́dún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àtàwọn èèyàn rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní Mọdákẹ́kẹ́, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì wà níbẹ̀, tí wọ́n sì kọ́ wọn lédè Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan. Àwọn ọmọ tó fi Yorùbá kàwé títí dé ìparí ò rẹ̀yìn rárá, wọ́n tiẹ̀ ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta lọ, nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọmọ ò lè rí ohun tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa tí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ fi ń pè é ò bá yé e.

Akẹ́kọ̀ọ́_NCE

Ẹ kú àlàyé o ẹ̀yin àgbà. Early Childhood ni mò ń kà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Wọ́n kọ́ wa pé àwọn ọmọ kan jẹ́ olójú, wọ́n fẹ́ràn àwòrán, àwọn kan jẹ́ elétí, àwọn kan ọlọ́wọ́. Ṣé kò ní dáa kí Tísà Ìkirè kọ́kọ́ yẹ̀ wọ́n wò, kó wá pín wọn sọ́nà mẹ́ta, kó máa fi àwòrán kọ́ àwọn olójú, kó fi kọ́ọ̀kì kọ́ àwọn ọlọ́wọ́? Kí iṣẹ́ náà lè fúyẹ́ lọ́rùn ẹ̀.

Ọmọ_Ìbàdàn_Lọ́ńdọ̀nù

Àbúrò @Akẹ́kọ̀ọ́_NCE, wọ́n kọ́ èmi náà bẹ́ẹ̀, mo sì gbà á gbọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà má wò ó bíi pé mò ń bá ẹ wí. Ní 2008 àwọn onímọ̀ mẹ́rin kan, Pashler lorúkọ ẹni tó ṣáájú wọn, wọ́n kó gbogbo ìwádìí tó wà lórí ọ̀rọ̀ olójú-elétí-ọlọ́wọ́ yìí jọ, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, wọn ò rí ẹ̀rí tó tó láti sọ pé kí tísà máa pín ọmọ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé ọmọ lè fẹ́ràn kan ju èkejì, àmọ́ ìyẹn ò ní kó mọ̀wé jù tẹ́ ẹ bá fi ìyẹn nìkan kọ́ ọ. Gbogbo ọmọ ló nílò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ohun tí wọ́n ń kọ́ ló yẹ kó sọ ọ̀nà téèyàn máa gbà, ẹ ò lè fẹnu lásán kọ́ ọmọ bí ọsàn ṣe rí, ẹ ò sì lè fi kọ́ọ̀kì kọ́ ọ lórin.

Ó wà nínú ìwé tẹ́ ẹ máa kà lọ́jọ́ kan, ọ̀jọ̀gbọ́n Jerome Bruner ará Amẹ́ríkà sọ ọ́ láwọn ọdún 1960 pé ipele mẹ́ta ni: ọwọ́, àwòrán, àmì. Ìyẹn ni pé ọmọ á kọ́kọ́ fọwọ́ kó kọ́ọ̀kì méje, á wá ya róbótó méje, lẹ́yìn náà ló máa kọ 7. Àwọn tísà wa púpọ̀ ń fò látorí orin bọ́ sórí 7. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé wọ́n dúró sórí kọ́ọ̀kì títí ọmọ fi pé ọdún méje, ìyẹn náà ò dáa, tọ́wọ́ bá ti mọ̀ ọ́n ẹ jẹ́ kó kúrò níbẹ̀.

Nọ́sìrì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Peckham níbí. Iyẹ̀pẹ̀ àti omi ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa níbí náà o Bàbá Táyọ̀, títí wọ́n á fi pé ọdún márùn-ún, ètò ìjọba England ló sọ bẹ́ẹ̀ láti 2008, eré wà lára ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé ká fi kọ́ wọn. Ìgbà tọ́mọ bá ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́fà nìjọba wá ń yẹ̀ wọ́n wò bóyá wọ́n ti lè pe ìró lẹ́tà. Ohun tó wù mí kí n fi kún un ni pé ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tì yín láti fi àwòrán bo ògiri títí kò fi níbi tó ṣófo mọ́. Wọ́n dán an wò ní Yunifásítì Carnegie Mellon ní Amẹ́ríkà, 2014 ni wọ́n gbé e jáde, ọmọ kíndágátìn 24, wọ́n kọ́ wọn níṣẹ́ nínú yàrá tí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ lára ògiri gbogbo, wọ́n tún kọ́ wọn nínú yàrá tí ògiri ẹ̀ mọ́ kedere. Nígbà tí ògiri kún, ojú wọn ò gbélẹ̀, ìdáhùn tí wọ́n gbà jẹ́ 42 nínú ọgọ́rùn-ún, tí ògiri mọ́, ó jẹ́ 55. Àwòrán tẹ́ ẹ ń lò lọ́sẹ̀ yìí ni kó wà níwájú, ẹ kó ìyókù sínú dúrọ́ọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_NCE

Háà. Ẹ ṣeun gan-an ẹ̀gbọ́n. Mo ti kọ ọ́ sínú ẹ̀sé mi tẹ́lẹ̀, màá tún un ṣe kí n tó fi sílẹ̀.

Ìyá_Dárà

Nọ́ọ̀sì ni mí, mi ò kì í ṣe tísà, mo kàn fẹ́ kílọ̀. Ọmọ mi fúnra ẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà yẹn, wọ́n ń fi ẹ̀wà ka nọ́ńbà nílé ìwé ẹ̀, ó ti ẹyọ kan bọ imú. Ẹnikẹ́ni ò mọ̀. Ó dé ilé, ọjọ́ kejì ni mo rí i pé imú ẹ̀ kan ṣoṣo ń rùn tó ń ṣe ikun. Ẹ̀wà náà ti mu omi, ó ti wú síbẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ ní ọsibítù, Ọlọ́run ṣe é o, mo dúpẹ́, àmọ́ ẹkún tọ́mọ yẹn sun lọ́jọ́ náà ṣì wà létí mi.

Torí náà ẹ̀wà, àgbàdo, ẹ̀pà, ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́, ẹ má kó o fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́rin. Téèyàn bá fẹ́ dán nǹkan wò, ó ní páálí róbótó tó máa ń wà láàárín tíṣù ìnùdí, ohun tó bá lè gba inú ẹ̀ kọjá lè há ọmọ kékeré lọ́nà ọ̀fun. Kọ́ọ̀kì mínírà gan-an á kọjá níbẹ̀, nítorí náà ọmọ ọdún márùn-ún ni kẹ́ ẹ fún, kẹ́ ẹ sì máa kà á padà. Fún àwọn kékeré, ẹ lo agolo mílíìkì tẹ́ ẹ ti rẹ́ ẹnu ẹ̀, ọsàn, ṣíbí ike. Bó bá ṣẹlẹ̀ pé nǹkan wọ imú tàbí etí ọmọ, ẹ má fi ìka tọ̀ ọ́, ẹ má fi irin ìdirun wá a, ẹ óò tì í wọlé sí i ni. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù.

Tísà_Ìkirè

Ẹ gbà mí, gbogbo yín lẹ ti ràn mí lọ́wọ́. Ìyá Dárà, mo ti fẹ́ lo àgbàdo tẹ́lẹ̀, mo ti jáwọ́ níbẹ̀. Mo ti ní kéréètì mẹ́fà, màmá tó ń dín ẹyin lẹ́nu géètì wa ló kó o fún mi, ó tún ní òun á máa kó o pamọ́.

Ẹ jọ̀ọ́ bàbá wa @Tísà_Àgbà_Fẹ̀yìntì, lẹ́tà ńkọ́? A ń kọ́ wọn ní ìró lẹ́tà òyìnbó, a tún ní ká kọ́ wọn ní a b d, ó ń kó mọ́ wọn lórí.

Tísà_Àgbà_Fẹ̀yìntì

Ẹ ya á sọ́tọ̀ fún ojú wọn. Páálí àwọ̀ kan fún lẹ́tà Yorùbá, àwọ̀ mìíràn fún ti Gẹ̀ẹ́sì, kí ọmọ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni tiwa, gb sì jẹ́ ẹyọ kan, ẹ má gé e sí páálí méjì. Ẹ ṣọ́ra fún p, ọmọ tẹ́ ẹ ti kọ́ ní p ti òyìnbó, tẹ́ ẹ bá gbé pátákó fún un á máa pè é bí òyìnbó. Ẹ gbé "paper" ti òyìnbó àti pátákó síwájú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kó gbọ́ ìyàtọ̀ ẹ̀.

Fún ohùn, ara ni kẹ́ ẹ lò. Dò, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Re, kí wọ́n dúró. Mí, kí wọ́n na ọwọ́ sókè. Ẹ pe ìyá: bẹ̀rẹ̀, nawọ́. Ẹ pe ajá: dúró, nawọ́. Ẹ pe bàtà: bẹ̀rẹ̀, bẹ̀rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko wọ kíláàsì, ẹ gbé àwòrán ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ara pè é. Ọkọ́, dúró nawọ́. Ọkọ̀, dúró bẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí mo ṣì ń ṣiṣẹ́ mo ti rí ọmọ tó ṣi àmì sí ọ̀rọ̀ lórí bébà, tí mo ní kó dìde fi ara pè é, tó sì rí àṣìṣe ara ẹ̀ kí n tó ya ẹnu. Ọmọ 52 lè ṣe èyí nígbà kan náà, kò gba kọ́bọ̀, kò gba bẹ́ǹṣì, kẹ́ ẹ kàn ti tábìlì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Bàbá_Táyọ̀

Mo padà wá. Mo lọ bá àwọn tísà ẹ̀ bí Ìyá Ìbejì ṣe ní kí n ṣe. Tísà náà ní kí n jókòó kí n wò ó. Wọ́n kó ike mẹ́ta síwájú wọn pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀, ó ń bi wọ́n pé ife mélòó ló máa kún ike pupa, wọ́n á sọ ọ́, wọ́n á wá bù ú kí wọ́n wò ó. Táyọ̀ sọ mẹ́rin, ó jẹ́ mẹ́fà. Nígbà tó délé lálẹ́ ó lọ gbé mudu ìyá ẹ̀ pẹ̀lú ife, ó ní ẹ jẹ́ ká wo iye tó máa gbà. Ìrẹsì la fi ṣe é, a dà á sílẹ̀ díẹ̀ o.

Mo ṣì fẹ́ kó kọ orúkọ ẹ̀ kí ọdún tó parí, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún tísà, a jọ fẹnu kò pé tó bá di táàmù kẹta. Ẹ ṣeun.

Tísà_Ìkirè

Ẹ kú àtijọ́ o, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ti kọjá, mo ní kí n wá jábọ̀.

Ọjọ́ àkọ́kọ́ burú. Wọ́n fi kọ́ọ̀kì ju ara wọn, ẹnì kan fi kéréètì ṣe fìlà, ariwo náà mú kí kíláàsì kejì wá wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Mo rò ó lálẹ́ ọjọ́ yẹn pé bóyá kí n jáwọ́. Ọjọ́ kejì mi ò pín kọ́ọ̀kì rárá, kéréètì òfìfo ni mo pín, èmi nìkan ni mo ní kọ́ọ̀kì, mò ń yí ká mò ń fún wọn ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bá pe nọ́ńbà ẹ̀ ló ń gbà á. Ara wọn rọlẹ̀. Látìgbà yẹn mo ti ní ọmọ kan nínú mẹ́rin mẹ́rin tó ń ṣe olórí kọ́ọ̀kì, òun ló ń gbà á lọ́wọ́ mi, òun ló ń dá a padà. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ọ̀kì 23 ló sọnù, mo rí díẹ̀ nínú àpò ṣòkòtò. Ní báyìí kí wọ́n tó lọ sílé, gbogbo kéréètì gbọ́dọ̀ kún mẹ́wàá, tó bá ku méjì, wọ́n á wá méjì kan. Mi ò mọ̀ nígbà tí mo ṣètò ẹ̀ pé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti máa mọ ohun tó ń jẹ́ "ó ku mélòó", ọmọ kan wá bá mi lọ́jọ́rú ó ní mà, mẹ́jọ ló wà níbẹ̀, ẹ fún wa ní méjì. Mi ò tíì kọ́ wọn ní àyọkúrò kankan o!

Ọ̀rọ̀ nóòtù tó ń dẹ́rù bà mí, ọ̀rọ̀ ọwọ́-àwòrán-àmì ti ẹ̀gbọ́n wa ní Lọ́ńdọ̀nù ló yanjú ẹ̀. Tí wọ́n bá ti kó kọ́ọ̀kì tán, wọ́n á ya kéréètì náà sínú nóòtù, róbótó mẹ́wàá, wọ́n á kun iye tó wà nínú ẹ̀, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Nóòtù kún. Ọ̀gá wa gba nóòtù lọ́jọ́ Jímọ̀ọ̀, wọ́n ṣí i títí, wọ́n ní kí lèyí, mo ní kí wọ́n tẹ̀ lé mi wá sí kíláàsì. Wọ́n pe ọmọ kan, wọ́n ní kó mú kọ́ọ̀kì mẹ́fà wá fáwọn. Ó kún ìlà òkè, ó fi ẹyọ kan sísàlẹ̀, ó gbé kéréètì náà fún wọn pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọ̀gá wa ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn pe ẹlòmíì, wọ́n ní mẹ́sàn-án.

Mo tún pe àwọn ọmọ mẹ́wàá tí mo pè lọ́jọ́ sí. Méje kó òkúta méje pé. Ọmọbìnrin tó ń lé orin wà lára wọn. Àwọn mẹ́ta tó kù, méjì ti dé márùn-ún, ẹnì kan ṣì wà lórí mẹ́ta, mò ń jókòó tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwọn yòókù bá ń jẹun.

Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù. Ọmọkùnrin kan kó gbogbo kọ́ọ̀kì kúrò nínú kéréètì ẹ̀, ó gbé e wá, ó ní mà, kí ni kí n kọ sí ẹ̀gbẹ́ èyí? Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Báwo lẹ ṣe ń kọ́ wọn ní òdo?

Ìyá_Ìbejì_Ògbómọ̀ṣọ́

Ó ti bi yín kẹ́ ẹ tó kọ́ ọ! Ẹ má jẹ́ kó tutù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí mẹ́ta, kí wọ́n máa yọ ọ́ níkọ̀ọ̀kan, kí wọ́n máa ya èyí tó kù: mẹ́ta, méjì, ẹyọ kan. Tí wọ́n bá yọ èyí tó gbẹ̀yìn, kí wọ́n ya kéréètì tí wọn ò kun nǹkan kan nínú ẹ̀. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó fi 0 hàn wọ́n. Ẹ má fi í ṣáájú 1 o, bó ṣe wà nínú àwọn ìwé kan, ohun tó tán ni kí wọ́n kọ́kọ́ rí.

Tísà_Ìkirè

Ó yé mi. Òwúrọ̀ ọ̀la, ọmọkùnrin yẹn gan-an ni màá pè síwájú kó yọ kọ́ọ̀kì náà.